Bàbá Ojú-Irin àti Ìràwọ̀ Tó Ń Mì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Bàbá Ojú-Irin fi nu irin kan ṣoṣo. Irin náà gùn tó ọgọ́ta mítà, ó sì wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sáàárín awò awọ̀nàjíjìn méjì lórí òkè. Awò méjèèjì ń wo ìràwọ̀ kan náà. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bá gbà yóò wá pàdé nínú ihò, dígí kan á máa sáré lórí irin kí ìrìn ìmọ́lẹ̀ méjèèjì lè dọ́gba. Nígbà náà, bí ìràwọ̀ bá mì bíńtín, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ á mọ̀. Ìràwọ̀ kì í sì í dédé mì: pílánẹ́ẹ̀tì ńlá tí ojú kò rí ló ń fà á síwá sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún un nìyẹn. Ó gbé e mì bí oògùn, kò jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Òfin ni pé ẹni tó bá wọ ihò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ẹnu ọ̀nà, kí èèyàn mẹ́ta sì fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà wọn kì í lè rí àwọn mẹ́ta náà kó jọ. Ó ní: "Bàbá, ẹ máa wọlé, ẹ máa nù ún. Ẹ má fi ìwé yọ wá lẹ́nu." Bàbá ń wọlé lọ́sàn-án, ní ogójì ogójì ọjọ́. Kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ọ̀gá kéde pílánẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe ìṣirò pe Bàbá sídìí kọ̀ǹpútà. Ìlà tó ń fi bí ìràwọ̀ ṣe ń mì hàn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ní ogójì ogójì ọjọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ wọ ihò kẹ́yìn?"

"Ṣé irin dọ̀tí ni?"

"Kò dọ̀tí. Ó ń móoru díẹ̀, ó sì ń gùn sí i, ìyẹn ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ìràwọ̀ ń mì. Ó dà bíi pé ooru ara yín ni."

"Ara mi yá, ọmọ mi. Mi ò ní ibà."

Ọ̀gá wọlé. "Bàbá, ìwé ò sọ pé ẹnikẹ́ni wọ ihò. Àbí ẹ wọ̀ ọ́?" Ó wò ó bí olùkọ́ tó fẹ́ fi ojú sọ ìdáhùn fún ọmọ.

Orí Bàbá dà rú. Bó bá ní òun ò wọlé, pílánẹ́ẹ̀tì ò ní yẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ní bọ́. Bó bá ní òun wọlé, ó rú òfin, bẹ́ẹ̀ ó ku oṣù mẹ́rìnlá kó fẹ̀yìn tì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé.

"Wọ́n ní èmi ni pílánẹ́ẹ̀tì."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Bàbá wọn! Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì lè ti àpótí yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ wá ń mi ìràwọ̀?"

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ṣé ẹ wọlé àbí ẹ ò wọlé?"

"Mo wọlé."

"Kí lẹ wá ń bi mí sí?"

Láàárọ̀, ó mú ìwé kékeré tó máa ń kọ ọjọ́ tó bá fi epo nu irin sí lọ, ó sì kọ ọjọ́ méjìdínlógún tó ti wọ ihò látìgbà tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀ náà sínú ìwé ẹnu ọ̀nà lójú ọ̀gá. Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé àwọn ọjọ́ náà lé ìlà. Mẹ́rìnlá bá a mu rẹ́gí. Mẹ́rin ò bá a mu rárá.

"Ṣé èmi ni àbí èmi kọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Mẹ́rin yẹn ò kéré," ni ọ̀gá wí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́tà dé. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó wọ ihò lẹ́ẹ̀mejìdínlógún láìgbàṣẹ. Ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ẹ̀rí. Pílánẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n kàn fi àmì ìbéèrè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jẹ́ òun ló ń mi ìràwọ̀, kí ni pílánẹ́ẹ̀tì ṣì ń wá nínú ìwé? Bí kì í bá sì í ṣe òun, kí ni òun bà jẹ́? Ó yí ẹ̀yìn lẹ́tà wò. Gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀: kó dá kọ́kọ́rọ́ ihò padà kí aago mẹ́rin tó lù.