Àmín tí A Ṣe sí Ìṣúná Owó Ìlú

Màmá mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bá jọ àdúrà ṣubú sílẹ̀. Bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì bá kí i pé kó ní ọjọ́ tó dára, á ní, "Àmín." Bí dókítà bá sọ pé orúnkún rẹ̀ yóò san láìpẹ́, "Àmín" náà ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn, Kristẹni àti Mùsùlùmí: bí ènìyàn bá súre, o gbọ́dọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dà bíi pé o kọ ìre. Mo tètè ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tó kó bá wa, nítorí kì í ṣe ìwà burúkú ló kó bá wa. Ìwà rere ni.

Láti Ìbàdàn ni Màmá ti wá bá mi tọ́ ọmọ ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n kó jáde, Màmá dúró. Nígbà tó yá, ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ ló kọ́kọ́ lọ, kì í sì í ṣe pé ó pọ̀ tẹ́lẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ mi ló tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣe, ó wá ku èmi, mo sì ń rí i lójú rẹ̀ pé èmi náà ti ń lọ.

Ibùdó àwọn àgbà kan tó wà lọ́nà Tavy Bridge ló gbà wá. Kì í ṣe ibi ńlá. Àwọn ìyá Èkó, ìyá Ìjẹ̀bú àti ìyá Ìbàdàn máa ń jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, wọ́n á na apá na ẹsẹ̀ lórí àga, wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹ ìrẹsì, wọ́n á sì jà lórí ẹni tó gba ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Yorùbá ni wọ́n fi ń ja ìjà náà. Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń wa bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó wọn. Òun ló máa ń wá gbé Màmá lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, òun náà ló sì máa ń dá a padà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Màmá bá lọ sí ibùdó, ó máa ń mọ̀ mí. Á wọlé, á fi oríkì mi pè mí, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á ní mo ti ń rù jù. Lọ́jọ́ tí kò bá lọ, ó máa ń bi mí pé ta ló rán mi wá. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe ní Woolwich. Ìyá oníyàá ni mo ń wẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ibùdó yẹn ń ṣọ́ ìyá tèmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá Màmá padà fún mi, mi ò sì ní ibòmíràn tí mo ti lè gbà á.

Ìgbà náà ni ìdìbò dé. Gbogbo rédíò ń sọ̀rọ̀ kan náà: ìjọba ń ná ju ohun tó ń wọlé lọ, gbèsè ti ga, ìṣúná owó ò bára mu mọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n gé ìnáwó, kí wọ́n má fi kún owó orí. Àwọn kejì ní kí olówó san owó orí sí i, kí ìjọba yá díẹ̀ fi kọ́lé ṣe ọ̀nà, kí gbogbo wa sì ní sùúrù títí ọrọ̀ ajé yóò fi gbérí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Pásítọ̀ wa pe ẹni tó ń du ìjókòó àdúgbò wa nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ká lè mọ ohun tí a fẹ́ dìbò fún.

Àwọn àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ láàrin wa, nítorí náà Díákónì awakọ̀ yìí ni wọ́n ní kó túmọ̀, bó ṣe ń túmọ̀ ìwàásù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ògbufọ̀ wa lẹ́nu iṣẹ́ rí kò ní mọ ohun tí mò ń sọ. Bí oníwàásù bá fò, á fò. Bí oníwàásù bá rọra sọ̀rọ̀, òun náà á rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ti ṣe é pẹ́ débi pé kò sí gbólóhùn tó lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá kó má di àdúrà.

Ọkùnrin tó ń ṣojú àwọn tó fẹ́ gé ìnáwó ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní àwọn máa dín gbèsè orílẹ̀-èdè yìí kù.

"Gbèsè yóò dínkù láyé yín!" ni Díákónì wí.

"Àmín!"

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ò ní gbé ẹrù gbèsè ka àwọn ọmọ lórí.

"Ẹ ò ní fi gbèsè sílẹ̀ fún ọmọ!"

Èwo ni arúgbó Yorùbá tó máa gbọ́ ìyẹn tó máa dákẹ́? Ilé mì tìtì. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti ń dánu dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó ń retí àmín tirẹ̀ bí ọmọdé tó ń retí ẹran inú ọbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ parí, ó bi wá bóyá a ti ṣe tán láti fara mọ́ àwọn ìpinnu tó le.

"Ohun tó le yóò dẹ̀ fún yín!"

"Àmín!"

Màmá nìkan ló pẹ́. Gbogbo wa ti dákẹ́ kí àmín tirẹ̀ tó jáde, ohùn tín-ín-rín, òun nìkan. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì tẹrí ba fún un.

Obìnrin ẹgbẹ́ kejì dìde. Ó ní ẹni tó bá ní púpọ̀ yóò san púpọ̀. "Ẹ ó ní púpọ̀!" ni Díákónì kígbe, ó gbàgbé ti sísan. Àmín tó dún síyẹn ju ti ọkùnrin lọ, àwa tí a ti ń gbàdúrà owó látàárọ̀. Obìnrin náà ní ó máa gba pé kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fún àmùrè mọ́ra fúngbà díẹ̀ ná, títí nǹkan yóò fi dàgbà. "Nǹkan yín yóò dàgbà!" Àmín. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín tí mo rín gbẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Pásítọ̀ wá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn méjèèjì wọlé. Ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n ń dù. A ṣe àmín sí ìyẹn náà, a fún wọn ní ìrẹsì nínú ike, wọ́n lọ.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé ta ló wọlé. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Kí ọdún tó yípo, ìjọba ìbílẹ̀ wa ní owó tó ń wá láti òkè ti dínkù, a sì gbọ́ pé ibùdó wa wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ tì. Wọ́n pe ìpàdé ní Woolwich láti pinnu rẹ̀, wọ́n sì ní ará ìlú lè wá sọ tẹnu wọn. Mo pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mi, èmi àti Díákónì jọ lọ. Ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Lójú ọ̀nà, ó ń sọ fún mi pé, "Sister, ẹ má worry. Àwọn èèyàn yẹn mọ̀ wá. Wọ́n ti jẹ rice wa."

Lóòótọ́ ni wọ́n mọ̀ wá. Ọkùnrin ọjọ́sí wà níbẹ̀, obìnrin náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ti wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà kí ìdìbò tó dé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbé ètò ìṣúná tirẹ̀ wá. Ọkùnrin náà dìde, ó ní ìpinnu tó le kì í ṣe ohun tí ará ìlú ń sá fún, pé òun ti gbé ètò yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Thamesmead, òun bi àwọn àgbà ibẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ṣe tán, gbogbo wọn sì dáhùn pé àmín. Ó ní ìyá arúgbó kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí òun ò lè gbàgbé ohùn rẹ̀.

Mo rò pé obìnrin náà máa gbà wá lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde lóòótọ́. Ó ní wọ́n ṣe àmín sí ètò tòun náà, àmín tòun sì ròkè ju ti ọkùnrin náà lọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n ń du àmín wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo wá tẹ́tí bẹ̀lẹ̀jẹ́ sí ètò méjèèjì kí n lè gbọ́ èyí tó dá ibùdó náà sí. Kò sí i nínú ti ọkùnrin. Kò sí i nínú ti obìnrin. Wọ́n ti jọ pa ẹran náà tipẹ́, awọ rẹ̀ ni wọ́n ń fà.

Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo sọ fún wọn pé àmín kì í ṣe ìbò. Mo ní bí ẹ bá sọ fún ìyá mi pé kí òjò má pa á, á ṣe àmín, ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ gba agboòrùn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n tẹrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń mirí sí mi tàánútàánú. Mo mọ irú orí mímì yẹn, bí èmi náà ṣe ń mirí sí aláìsàn tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ sílé nìyẹn. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n dìbò, ó tán.

Díákónì ò dìde. Ó mú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń yí i. Ó ní, "Sister, àbí mi ò interpret ẹ̀ dáadáa ni?"

Ó túmọ̀ ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń wà. Mo ní, "Ẹ interpret ẹ̀ dáadáa, sà."

Lọ́jọ́ tí ibùdó ṣí gbẹ̀yìn, ó di Màmá lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Mummy, Ọlọ́run á jẹ́ ká tún ríra." Màmá ní, "Àmín."

Ara Màmá ò gbà pé ó ti tán. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á múra, á wé gèlè, á gbé báàgì sẹ́sẹ̀, á jókòó ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ aládùúgbò, mo bẹ ọ̀gá mi, mo ń pààrọ̀ iṣẹ́ kiri títí wọn ò fi fẹ́ gbóhùn mi mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó jáde lọ wá bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin Yorùbá kan tó jẹ́ wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh, tó ń lọ síbi iṣẹ́, ló rí i létí títì tòun ti sílípáàsì inú ilé. Ó ní Màmá kúnlẹ̀ kí òun nígbà tó rí aṣọ ìjọba, òun sì yára fà á dìde. Ó wò mí, kò bínú. Ó ní, "Auntie, ẹ sorry. Ṣùgbọ́n Mummy ò lè máa wà báyìí o. Mọ́tò ń speed lọ́nà yẹn."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìtọ́jú tí wọ́n rí fún un wà ní Kent, ó jìnnà sí wa, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ìjọba ló ń san owó rẹ̀. Owó náà pọ̀ fíìfíì ju èyí tí Màmá ń ná wọn ní ibùdó lọ, èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ náà ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Ohun tí wọ́n fi ìyá mi ṣe nìyẹn, tí wọ́n ń pè é ní dídín gbèsè kù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ìṣúná owó tuntun, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ ńlá ibẹ̀, àwọn arúgbó ń sùn lórí àga. Mínísítà ìṣúná dìde, ó ń ka ohun tí wọ́n máa gé, ohun tí wọ́n máa fi kún. Màmá kì í sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà náà. Mínísítà náà ní ọjọ́ iwájú yóò dára ju èyí tó ti kọjá lọ, ó sì dánu dúró.

Màmá gbé orí sókè. "Àmín."

Kò sí Díákónì níbẹ̀ tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìdánudúró yẹn ló gbọ́. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kejì dìde láti sọ pé irọ́ ni, pé ètò tàwọn ló máa gba ìlú là, Màmá sì ṣe àmín sí ìyẹn náà. Nọ́ọ̀sì tó ń kọjá rẹ́rìn-ín sí i.

Mo jókòó tì í, mi ò la ẹnu. Ó yíjú sí mi, ó sì wò mí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, bíi pé mo fẹ́ jẹ́ kí ìre kọjá lórí wa. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Auntie, ẹ̀yin ò ní ṣe àmín ni?"

Ìyá tó bí mi ló ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Àmín, mà."