Àáró Àwa Òṣìṣẹ́ Bàálù

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ bàálù kan, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ fún mi. Ó gbà pé ojoojúmọ́ ni n óò máa fò. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀yìn káńtà ni mo wà, pé orí sìmẹ́ńtì ni ẹsẹ̀ mi ń wà láti àárọ̀, àti pé n kò tíì wọ bàálù rí láyé mi. Ó gbọ́, ó mi orí, ó sì ń bá ààwẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ó jàre dé àyè kan. Iṣẹ́ náà gba àdúrà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe torí pé ènìyàn lè jábọ́ láti òkè.

Pápákọ̀ òfurufú kékeré ni tiwa, kò jìnnà sí Ìkéré níbi tí èmi àti ìyá mi ń gbé. Bàálù kan ló ń ti Èkó wá láàárọ̀, òun náà ló ń kó èrò padà, ìyẹn bó bá wá. Yàtọ̀ sí ọ̀gá wa, àwa mẹ́ta là ń ṣojú iléeṣẹ́ náà níbẹ̀ nígbà tí mo dé. Àǹtí, ọmọ Ìsẹ̀, ìyàwó olùkọ́, ló jẹ́ àgbà ní káńtà. N kò tíì parí ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti wà níbẹ̀. Bàbá, ará Èmùré, ló ń gbé ẹrù èrò sínú bàálù tó sì ń gbé e sọ̀. Ẹ̀yìn ibi tí a ń kó ẹrù sí ló ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí láti kírun, ibẹ̀ náà ló sì ti ń fi gbogbo wa ṣe yẹ̀yẹ́. Alákọ̀wé ló ń pè mí.

N kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ju bó ṣe rí lọ. Wọn kò lù wá, wọn kò sì fi owó oṣù dù wá. Ohun tó ń dùn wá kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ṣòro láti ròyìn fún ẹlòmíràn. Fún àpẹẹrẹ, ẹnu èrò la ti sábà máa ń gbọ́ pé bàálù kò ní í wá. Èrò á na fóònù rẹ̀ sí mi lójú, á ní wọ́n ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òun pé kò sí ìrìnàjò lónìí, ṣé ẹ̀yin tí ẹ wọ yunifọ́ọ̀mù yìí kò mọ̀ ni? A kò mọ̀. Bí a bá pe Èkó, wọ́n á ní ká ṣe sùúrù. Sùúrù yẹn náà la ó gbé fún èrò, èrò á sì fi èébú dá a padà. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Bó bá di àṣà, ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá lóòótọ́ ni òun kò já mọ́ nǹkan kan.

Àǹtí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí èrò bá bínú, á jẹ́ kó bínú tán, á wá bi í ní pẹ̀lẹ́ pé, “Ta ni ẹ fẹ́ lọ rí?” Ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹni tó ń pariwo á sọ pé ìsìnkú ni òun ń lọ, tàbí ọmọ òun ló bímọ, tàbí dókítà ló ń dúró de òun. Àǹtí á gbé fóònù, á pe awakọ̀ tó mọ̀, á wá àyè fún un nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Èyí kò sí lára iṣẹ́ rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìdí tó fi ń ṣe é. Ó ní bí òun bá ti mọ ibi tí ènìyàn ń lọ, èébú rẹ̀ kì í dun òun tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo dán an wò fúnra mi. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀. Èébú náà ṣì ń dùn mí, àmọ́ n kì í gbé e délé mọ́.

Ọ̀gá tí a ní tẹ́lẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí mo dé. Wọ́n ní kí Àǹtí máa ṣe adelé. Ó ṣe é pẹ́. Iṣẹ́ ènìyàn méjì ló ń ṣe, wọ́n sì ń yìn ín lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ń rí gbogbo ìsapá rẹ̀. Bàbá ti ń pè é ní ọ̀gá láìdúró de ìwé kankan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan ti Èkó dé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tuntun. Àǹtí ló fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà hàn án. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ adelé, ìwà rẹ̀ sì tutù débi pé a kò rí ọ̀nà kórìíra rẹ̀, bó ti wù kí Bàbá gbìyànjú tó. Àǹtí kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣàkíyèsí ni pé kò bi èrò léèrè mọ́ pé ta ni wọ́n fẹ́ lọ rí.

Àáró wa ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀gá tuntun yìí tó dé. Nígbà ọyẹ́ ni. Kùrukùru bo ojú ọ̀run, bàálù kò lè balẹ̀, a sì ti yanjú ọ̀rọ̀ gbogbo èrò kí oòrùn tó mú. Bàbá ń ráhùn pé igbó ti fẹ́ gba oko òun nítorí iṣẹ́ yìí. Àǹtí ní àwa náà ní ọwọ́. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀, a bọ́ yunifọ́ọ̀mù, a lọ sí Èmùré. Láti ọjọ́ náà, bí bàálù kò bá wá, oko ẹnì kan nínú wa là ń lọ. Ẹni tí a ṣe tirẹ̀ lónìí ló máa se oúnjẹ, òun náà ló sì máa ṣe ti ẹlòmíràn lọ́jọ́ mìíràn. Ọkọ́ wa wà nínú bùútù ọkọ̀ Àǹtí, lábẹ́ àwọn báàgì tí èrò gbàgbé.

Ó yẹ kí n sọ bí inú wa ṣe ń dùn tó níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tí èrò bú láàárọ̀ á dé oko, wọ́n á máa bú ara wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Bàbá á dúró lórí ebè tí mo kọ, á wò ó yíká.

“Alákọ̀wé, uṣu lo fẹ́ gbìn síbí, àbí adìẹ lo fẹ́ sin?”

Ìyá mi, nígbà tí àáró kan oko tiwa ní Ìkéré, gún iyán fún wọn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n ń bá òun mú ọmọ òun dúró lójú òfurufú. Bàbá dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn ń gbìyànjú. N kò mọ̀ bóyá àáró yìí tún iṣẹ́ wa ṣe. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló ń jẹ́ ká fara da ohun tí kò yẹ ká fara dà. Ohun tó dá mi lójú ni pé a wá di òṣìṣẹ́ bàálù tí ń wo ojú ọ̀run láàárọ̀, tí a sì ń retí kùrukùru.

Àǹtí nìkan ni àáró kì í kàn. Bó bá ti fẹ́ kàn án, á ní kí a ṣe ti Bàbá tàbí tiwa ná, pé tòun ṣì lè dúró. Ẹni tó mọ àáró á mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí a kò tíì ṣe tirẹ̀, a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí a bá sì jẹ ẹ́, àáró kò tíì parí, kò sí ẹni tó lè kúrò nínú rẹ̀. Bí ó bá gba tirẹ̀ tán, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹnikẹ́ni mọ́, oníkálùkù lè gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Èmi àti Bàbá kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀ nítorí oko Ìsẹ̀ tí a kò tíì dé yẹn.

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìjì sì tẹ̀lé e láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èrò kan ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ han ọ̀gá tuntun pé bàálù kò wá mọ́. Ọ̀gá dúró, ó ń wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ó ti rò pé wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún òun. Obìnrin kan ń sunkún níwájú Àǹtí. Àǹtí kọ ọjọ́ mìíràn sí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì pe ẹni tó kàn. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó yíjú sí èmi àti Bàbá.

“Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìsẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ gba àáró mi.”

Bàbá gbé báàgì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀gá, tí kò mọ nǹkan kan, béèrè bóyá òun lè tẹ̀ lé wa. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé, òun kò tíì dé oko ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ oko náà rọ̀, òjò ti mú un jinná. Ó yẹ kí a tètè ṣe tán. Ṣùgbọ́n Bàbá, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá ju tiwa lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó pọ́n ọkọ́ tó ti mú. Ó rán mi lọ pọnmi, ó tún rán mi padà. Ó kọ́ ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú, ẹ̀kọ́ náà sì gùn. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ilẹ̀ díẹ̀ ṣẹ́ kù nídìí igi kòkó tó wà ní ààlà, Bàbá sì nu ọkọ́ rẹ̀, ó ní a ti parí. Mo rí ohun tó ń ṣe.

Ọ̀gá ló bà á jẹ́. Ó ti wọ bàtà kánfáàsì funfun wá, amọ̀ ti bò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní díẹ̀ kù lọ́hùn-ún, pé kí òun lọ ṣe é.

Bàbá ní, “Ọ̀gá, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ń sinmi.”

Ọ̀gá wo ilẹ̀ náà, ó wo èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ní òun kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì. Bàbá sọ fún un pé ojú ará Èkó kò lè rí i.

Àǹtí, tó ti lọ gbé iyán tí ọkọ rẹ̀ bá a gún, dé bá wa níbẹ̀. Ó sọ abọ́ kalẹ̀. Ó wo ìdí igi kòkó.

“Bàbá.”

“Ó rẹ̀ mí ni, ọmọ mi. Àgbà dé.”

“Ẹ̀yin tí ẹ gbé àpótí àlejò láàárọ̀ yìí bí ẹni gbé ìrọ̀rí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó sórí ebè kan. “Mo mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oko mi so mí mọ́lẹ̀.”

Ìgbà náà ló yé ọ̀gá díẹ̀díẹ̀. Ó béèrè bóyá Àǹtí fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni, bóyá nítorí òun ni. Àǹtí ní kì í ṣe nítorí rẹ̀. Ó ròyìn ọ̀rọ̀ adelé fún un ní ṣókí, láìbínú. Ọ̀gá wolẹ̀, ó ní òun á bá olú-iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀, pé kó fún òun láyè díẹ̀.

“Ẹ bá wọn sọ ọ́ nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi,” ni Àǹtí wí. “Obìnrin yẹn sunkún níwájú mi láàárọ̀, ẹkún rẹ̀ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ mọ ibi tó ń lọ. Mi ò mọ ara mi bẹ́ẹ̀. Kí n tó wá di ẹni yẹn pátápátá, ẹ jẹ́ kí n máa lọ.”

Bàbá kọ ẹ̀yìn sí wa.

Mo dúró, mo ń wo ilẹ̀ kékeré náà. Ní ọwọ́ kan, Àǹtí ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn káńtà, n kò sì lè ro bí àárọ̀ ọ̀la yóò ṣe rí láìsí i. Ní ọwọ́ kejì, ó ti ṣiṣẹ́ lóko Bàbá àti lóko ìyá mi, kò sí ọjọ́ kan tó ní ó rẹ òun. Bí mo ṣe wò ó tó, n kò rí ibi tí ìfẹ́ tí mo ní sí i ti fún mi ní ẹ̀tọ́ láti jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo mú ọkọ́.

Bàbá gbọ́ ìró rẹ̀, ó yíjú padà. “Alákọ̀wé, ìwọ náà?”

“A jẹ wọ́n ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká san án.”

Ọ̀gá wá síbi tí mo wà, ó ń kọ ebè tirẹ̀, ó wọ́ bí ejò. A ṣe é fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá dé, ó tú ebè mi ká, ó tún un kọ. Ó tú ti ọ̀gá náà. Èyí tó kẹ́yìn nídìí igi kòkó, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó fara balẹ̀ kọ ọ́, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a yíká títí ó fi dán, ó sì ga ju gbogbo ebè yòókù lọ.

“Ẹ kú uṣẹ́,” ni Àǹtí wí.

A fọwọ́, a jókòó ti iyán. Ó ti tutù díẹ̀. A jẹun díẹ̀, Bàbá sì wá béèrè lójijì bóyá òfin kan wà tó ní dandan ni kí ènìyàn jẹ́ òṣìṣẹ́ bàálù kó tó lè wà nínú àáró. Ojú mi ló ń wò, bí ẹni pé ilé ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ni nírú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo rò ó dáadáa kí n tó dáhùn. Mo ní n kò mọ irú òfin bẹ́ẹ̀.

Àǹtí mú ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀, ó gbé e síwájú Bàbá.

“Ẹ jẹun ná,” ni ó wí.