Bí Mo Ṣe Kọ́ Èdè Ọmọ-Ọmọ Mi

Afẹ́fẹ́ òkun ń jà mọ́ gèlè mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo fi ọwọ́ kan di gèlè mú, mo fi ọwọ́ kejì di ọmọ-ọmọ mi mú, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti jókòó sórí iyanrìn, tó ní òun ò rìn mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà. Dagenham, ní ìlà-oòrùn London, ni mo ti wá kí wọn ní ìlú kékeré tí bàbá rẹ̀, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń gbé létí òkun ní àríwá Wales. Èdè Wales ni wọ́n ń sọ nínú ilé wọn, ọmọ náà kò sì tíì gbọ́ ju gbólóhùn bíi mélòó kan lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣáá, ó ń tún un sọ, ó ń nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lójú tèmi, oríkunkun lásán ni. Mo fà á dìde, mo bá a wí ní Yorùbá, mo tún bá a wí ní Gẹ̀ẹ́sì, mo wá gbé ohùn mi sókè, bí ẹni pé ohun tí kò yé ọmọ yóò yé e tí mo bá pariwo. Ẹkún ló sun délé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀, òkúta ṣóńṣó kan já bọ́ sílẹ̀. Ó ti bó gìgísẹ̀ ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Ìyàwó ọmọ mi tilẹ̀ ní, "Mummy, ẹ má dà á láàmú, kò jinlẹ̀ rárá." Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ni mo wà níbẹ̀, èmi náà ni mo sì wọ́ ọmọ lórí òkúta. Ìyá ìyàwó ọmọ mi ti ṣaláìsí kí wọ́n tó fẹ́ra wọn, nítorí náà èmi nìkan ni ìyá àgbà tí ọmọ yìí ní láyé.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo pe ọmọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ ọmọ yìí ní Gẹ̀ẹ́sì?"

"Mummy, Gẹ̀ẹ́sì á wá fúnra rẹ̀, ó wà níbi gbogbo. Èdè ìyá rẹ̀ ni kò ní rí níbòmíràn tí a kò bá fún un nílé."

"Yorùbá ńkọ́?"

Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn, nítorí kò ní òmíràn. "Ẹ ò fún èmi náà, Mummy. Kí ni mo fẹ́ fún un?"

Kò bínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Òótọ́ ni. Nígbà tí òun náà wọ ilé ìwé ní gúúsù London, níbi tí a ń gbé nígbà náà, olùkọ́ kan sọ fún mi pé kí n má fi èdè méjì da ọmọ náà lọ́kàn rú, ojú ẹsẹ̀ ni mo gbà. Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ló jẹ̀bi. Mo fẹ́ràn kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa sọ pé ọmọ mi ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ọmọ Èkìtì tí wọ́n fi ahọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó, mo rò pé mo ti yọ ọmọ mi nínú ẹ̀sín. Mo gbọ́n nígbà náà, mo gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé mi padà bọ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ń sọ létí òkun kò kúrò létí mi. Ó dà bíi "garreg". Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ibi ìkàwé ní àárín ìlú Barking tó wà nítòsí wa, mo ní kí wọ́n bá mi wá ìwé atúmọ̀ èdè Wales. Mo yẹ abẹ́ g wò láti òkè délẹ̀, n ò rí i. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé rí i pé mo ń mí kanlẹ̀, ó wá tọ́ka sí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní àwọn mẹ́ta kan máa ń wá kọ́ èdè yẹn níbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, bàbá kan láti Rush Green ló ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo lọ bá bàbá náà.

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kó wọn kúrò ní Wales wá sí Dagenham, nítorí iṣẹ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń bá a sọ èdè wọn, ó sì ti kú. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe wà létí mi.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò lè rí i lábẹ́ g. Carreg ni orúkọ rẹ̀ nílé. Àwọn ọ̀rọ̀ wa máa ń pààrọ̀ orí tí wọ́n bá jáde sáàárín ọ̀rọ̀ mìíràn. Òkúta ni."

Ó wá sọ gbogbo gbólóhùn náà, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀: òkúta kan wà nínú bàtà mi. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ti ń sọ fún mi nìyẹn, kedere, lẹ́ẹ̀mẹwàá. Mo jókòó sórí àga tó ṣófo ní tábìlì wọn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Mo forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kan lórí kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Olùkọ́ wa lè jẹ́ ọmọ mi, èmi ni mo sì dàgbà jù níbẹ̀. Ohùn kan wà tí wọ́n fi l méjì kọ, tó jẹ́ pé ahọ́n á dúró bí ẹni fẹ́ pe l, atẹ́gùn á wá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ilé ìdáná ilé ìwé kan nítòsí Parsloes Park ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibi ìkòkò ọ̀dùnkún ni mo ti ń fi ohùn yìí dánra wò. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé egungun ẹja há yín lọ́fun ni?" Nígbà tí mo ṣàlàyé, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn, àwa méjèèjì ń tu itọ́ sára ògiri.

Ohun kan mú inú mi dùn nínú èdè náà: wọ́n ní "ti" àti "chi" bí àwa ṣe ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Mo ní háà, àwọn èèyàn yìí mọ àgbà. Nígbà tí mo tún pe ọmọ-ọmọ mi lórí fídíò, mo bi í bóyá dáadáa ló wà, mo ní, "Sut dach chi?" Ọmọ náà bojú wẹ̀yìn láti wo àgbàlagbà tí mo ń kí. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Orin ló wá la ọ̀nà fún mi. Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Barking. Ní Sátidé kan, ìwé orin mi yọ jáde nínú báàgì. Bàbá Rush Green gbé e, ó rí d, r, m tí mo fi ọwọ́ kọ sórí àwọn ọ̀rọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ̀yin náà ní èyí?" ló béèrè.

Mo ní ilé ìwé ìjọ ni, l'Ékìtì. Ó ní sọ́ọ̀fà kan náà, do-re-mi yẹn, ni wọ́n fi kọ́ òun ní ilé ìsìn wọn nígbà tí òun kò tíì mọ ìwé kà. Ó fi imú gbé ohùn orin kan, ohùn tí mo ti ń fi Yorùbá kọ láti kékeré tí mo rò pé tiwa ni. Ó ní ọmọ ìlú àwọn ló ṣe é. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ orin fún mi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: orin ìwẹ̀, orin òjò, orin àdúrà. Ọ̀rọ̀ tí kò dúró lórí mi tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti fi sọ́ọ̀fà gbé e, kì í lọ mọ́. Orí ọ̀rọ̀ tó ń pààrọ̀ náà, inú orin ni mo ti mọ̀ ọ́n, bí ọmọdé ṣe ń mọ̀ ọ́n. Olórí akọrin wa gbọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ ní yàrá aṣọ, ó ní n ò ní dá kọ ọ́. Gbogbo wa kọ́ ẹsẹ kan, a kọ ọ́ lọ́jọ́ ìkórè. Bàbá Rush Green wá gbọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe rí i tí a ṣe, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn wọlé, ó sì bá wa gbé béèsì.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ó gbà mí tó ọdún kan àtààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọ kejì ṣáájú àkókò rẹ̀. Ìyá àti ọmọ tuntun wà ní ọsibítù ìlú ńlá kan tó jìnnà sí wọn, òun náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo gbààyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún márùn-ún. Kò sunkún nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ. Ó kàn kọ oúnjẹ ni. Ọjọ́ kejì, kò jẹ ju búrẹ́dì díẹ̀ lọ, etí fèrèsé ló jókòó sí. Mo kọrin, kò bá mi gbè é. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, láì wojú mi, ó sọ gbólóhùn kan, gbogbo rẹ̀ sì yé mi láì dúró ronú. Ó ní òun ti sọ fún Mam, ìyá rẹ̀, pé òun ò fẹ́ àbúrò kankan, nítorí ìyẹn ni ara Mam kò ṣe yá.

Mo ní kó má sunkún, mo ní Mam á padà wálé. Ìyẹn mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó gbọ́ ni pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, n ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹ̀bi. Mo bọ́ sí kíṣìnì, mo pe bàbá Rush Green. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ọmọ náà wà lọ́dọ̀ yín?" Ó fún mi ní ọ̀rọ̀ náà: bai. Ó ń bá àlàyé lọ, àmọ́ mo ti ju fóònù sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà. Mo ní, "Nid dy bai di ydy o," ẹ̀bi rẹ kọ́.

Ó yíjú sí mi. "Fai," ló ní, ní pẹ̀lẹ́tù. "Nid dy *fai* di."

"Nid dy fai di," ni mo wí.

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó mú mi sọ ọ́ títí ó fi dán mọ́nrán lẹ́nu mi, àṣé bí ó ti ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ òun náà lọ́kàn. Nígbà tó yá, ó fi orí lé mi láyà, ó sun ẹkún tó ti ń gbé mì láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ ẹyin méjì, ó sì sùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n gbé ìyá rẹ̀ dé. Ọmọ tuntun náà ṣì wà ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó yè, ó sì ń sanra. Ìyàwó ọmọ mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ẹnu ọmọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú nínú tirẹ̀, ó pe mí ní "chi", ọ̀nà tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi ń pe ìyá.

Nígbà tí mo padà délé, mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún bàbá Rush Green láti dúpẹ́. Ó ní òun ló yẹ kó dúpẹ́, pé láti ìgbà tí ìyàwó òun ti lọ, fóònù òun kò dún rí nítorí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè òun. A jọ jẹ ẹ́ lórí tábìlì ibi ìkàwé, níbi tí wọn ò ti ń jẹun, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé sì ṣe bí ẹni pé òun ò rí wa.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Tí mo bá ro gbogbo wọn pọ̀ lónìí, olùkọ́ orí kọ̀ǹpútà, àwọn akọrin, obìnrin ilé ìdáná, bàbá arúgbó yẹn, mo rí i pé ohun kan náà ni wọ́n fún mi: wọ́n dúró dè mí kí n parí gbólóhùn mi. Èmi náà ń gbìyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. N ò tíì gbọ́ èdè Wales tán, n kò sì rò pé mo máa gbọ́ ọ tán kí n tó kú. Ọmọ-ọmọ mi ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń pè mí ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó máa ń da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí òjò, ìjà ọ̀rẹ́, eyín tó ń mì, ohun tí àbúrò rẹ̀ fọ́, ìdajì rẹ̀ sì máa ń fò mí kọjá. N kì í sọ fún un pé kó rọra. Ó ti gbàgbé pé ńṣe ni mo ṣì ń kọ́ èdè òun, n ò sì fẹ́ rán an létí.