Ilà Tí Mo Fi Ẹ̀kọ Fà

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti Ìbàdàn fẹ́ wá bá tiwa gbá bọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta, mo dé pápá ìṣeré, mo ń wá ilà tí mo fà sórí koríko ní ìrọ̀lẹ́ àná, mi ò rí i mọ́. Kì í ṣe pé ó ṣá, kì í sì í ṣe pé òjò fọ̀ ọ́. Kò sí níbẹ̀ ni. Mo kọ́kọ́ rò pé mo ṣìnà. Mo wo ọ̀tún, mo rí òpó góòlù. Mo wo òsì, mo rí ògiri ọgbà àti àpáta tó yọrí lẹ́yìn rẹ̀. Ibi iṣẹ́ mi náà ni. Orí mi dàrú, mo jókòó sórí koríko, ṣòkòtò mi sì rin gbindin.

Ilà fífà niṣẹ́ mi nígbà náà, láyé ìjọba alágbádá. Àwọn èèyàn rò pé bí pápá ṣe máa ń rí nìyẹn, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fà á. A máa ń kan èèkàn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó na okùn láti èèkàn kan sí èkejì, a ó po ẹfun mọ́ omi nínú garawa, a ó wá máa fi kẹ́tùlù àtijọ́ kan dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn díẹ̀díẹ̀. Tí ọwọ́ bá gbọ̀n, ilà á wọ́ bí ejò, àwọn òǹwòran á sì máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dópin.

Bàbá Ṣówándé ló kọ́ mi. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ti ń tọ́jú koríko kí wọ́n tó bí mi. Kì í wọ bàtà nínú pápá. Tí mo bá fa ilà tán, á fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá okùn, á rìn lé e lórí láti èèkàn dé èèkàn, á wá bi mí pé, "Múfú, ṣé ó funfun?"

"Ó funfun, Bàbá."

"Ṣé ó funfun dáadáa?"

Ìbéèrè yẹn máa ń rú mi lójú, torí orí ilà náà gan-an ló dúró sí. Mo gbà pé ó ń dán mi wò ni. Àgbà a máa dán èèyàn wò, ẹ ò sì lè bi àgbà pé kí ló dé.

Oṣù tó ń bọ̀ ni Bàbá máa fẹ̀yìn tì. Lébìrà lásán ni èmi, mi ò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kankan. Bàbá ti lọ bá Mánijà pápá pé èmi ni kó fi rọ́pò òun. Mánijà ní rárá, òun ń wá ẹni tó ti rí pápá tó pọ̀, bóyá ẹnì kan láti Èkó. Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí Múfú náà lọ rí wọn." Bí wọ́n ṣe fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn, kí n lọ wo pápá àwọn ẹlòmíràn, kí n wá sọ ohun tó mú wọn dára. Mánijà ní eré tí àwọn ará Ìbàdàn ń bọ̀ wá gbá ni òun máa fi wò mí. Bí pápá bá dára lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ di tèmi. Bí kò bá dára, kí n padà sílé wa ní Ìjẹmọ̀ lọ máa bá ìyá mi sá aṣọ.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn. Koríko wọn tutù minimini, ó dọ́gba bí ẹni pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé koríko ni gbogbo rẹ̀: "Àga kì í gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀rẹ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo dé Sùúrùlérè l'Ékòó, mo gbórí sókè wo ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí títí fìlà fi já bọ́ lórí mi. Ẹni tó mú mi kiri níbẹ̀ ní koríko kọ́, ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ ibi tí òjò ń lọ ló ni pápá." Ìyẹn náà wọ̀ mí létí. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo yà ní Ìjẹ̀bú, níbi pápá ilé-ìwé kan tí kò ní ọgbà, tí àwọn èèyàn ń jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò wòran. Ilẹ̀ ibẹ̀ rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n mi ò gbádùn eré tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Tíṣà tó wà níbẹ̀ ní ariwo ni. Pápá tí kò bá ní ariwo, ó ní oko ni.

Mo fẹ́ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn gan-an ló bà mí lọ́kàn jẹ́, torí ohun tí wọ́n rán mi lọ kọ́ ni pé kí n mọ èwo ló jù. Mo padà délé, iyè mi rú ju bó ṣe wà kí n tó lọ.

"Kí ni ìwọ fúnra rẹ rí?" Bàbá bi mí.

"Bàbá, mi ò mọ̀ mọ́. Ohun kan tó dá mi lójú ni pé ilà wọn funfun ju tiwa lọ. Ti Èkó yẹn, láti orí àga tó wà lókè pátápátá ni mo ti ń rí i."

Bàbá dẹtí sí mi. "Láti òkè pátápátá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣe irú ẹ̀ fún mi," ó ní.

Òjò ni ìṣòro wa. Tí ẹ bá fa ilà láàárọ̀, tí òjò rọ̀ lọ́sàn-án, ó di kí ẹ máa bẹ rẹfirí. Mo rò ó títí, ọkàn mi lọ sí iṣẹ́ ìyá mi. Aláró ni ìyá mi, adìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe. Wọ́n máa ń se láfún di ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọ́ sára aṣọ, wọ́n á sá a gbẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í wọ ibẹ̀. Aṣọ náà lè wọ inú ìkòkò aró nígbà mẹ́fà, ẹ̀kọ ò ní kúrò lára rẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, ohun tí aró ò lè ṣí, òjò wo ló máa ṣí i?

Mi ò bi ìyá mi. Kí ni mo fẹ́ bi í? Mo ti ń wò ó láti kékeré, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n sè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, mo se láfún lẹ́yìn yàrá tí a ń kó irinṣẹ́ sí, mo po ẹfun mọ́ ọn, mo sì fi fa gbogbo ilà. Òjò rọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó dá, ilà mi ṣì wà gbọnyin. Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó le. Mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi." Inú rẹ̀ dùn, inú tèmi náà dùn, a lọ sílé.

Ilà tó wá pòórá lówùúrọ̀ nìyẹn.

Bàbá dé bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó fi ẹsẹ̀ wá ilà títí, kò rí i, kò sì bínú. Mánijà ló dé tó ní wọ́n ti jí ilà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ló wà nídìí ẹ̀.

Bàbá ní, "Mánijà, ilà ò ṣeé jí."

"Ibo ló wá lọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbi tí ilà wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó tò lọ gbọnrangandan láti igun kan dé ìkejì. Mo tẹ̀lé e dé abẹ́ ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí. Ewúrẹ́ méje ló sùn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ, ẹnu wọn funfun bí ẹni tó ń fọ eyín lọ́wọ́.

Mánijà wo ewúrẹ́, ó wò mí. "Kí lo fi fa ilà?"

"Ẹ̀kọ ni, sà."

"Ẹ̀kọ?"

"Ẹ̀kọ láfún, sà."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "O gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ewúrẹ́ nínú pápá ìjọba," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Aago mẹ́rin ni eré. Tí mi ò bá rí ilà ní aago mẹ́rin, mi ò fẹ́ rí ìwọ náà."

Mo sáré dé Ìjẹmọ̀. Ìyá mi ń sá aṣọ. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Ta ló ní kí o sè é láìfi nǹkan kíkorò sí i?"

"Nǹkan kíkorò wo, Ìyá?"

"Áà, Múfútáù. Gbogbo ọjọ́ tí o fi jókòó tì mí. O rò pé àwọn ewúrẹ́ àdúgbò yìí ń wo aṣọ mi lórí okùn torí pé wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run ni?"

Ó mú álọ́ọ̀mù jáde, ó mú òkúta búlúù kan jáde tó ń dán bí ìgò, tí àwọn aláró ń rà lọ́jà Ìtòkú. Ó ní méjèèjì ni wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀kọ kó má bàa kan, kí ẹran má sì lè fi ẹnu kàn án. Ó dì wọ́n fún mi. Mo ti ń lọ nígbà tó pè mí padà.

"Gbọ́ o. Aṣọ ò ní gbòǹgbò. Koríko ní. Mi ò mọ ohun tó máa fi ojú rẹ̀ rí."

"Ìyá, ti òní ni mo ń wá."

Kí aago méjì tó lù, mo ti fa gbogbo rẹ̀ tán. Ewúrẹ́ kan padà wá, ó lá a lẹ́ẹ̀kan, ó gbọn orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Òjò dé ní ìdajì kejì eré, òjò tó le. Àwọn ará Ìbàdàn ti gbá góòlù kan wọlé, àwa ò tíì gbá ìkankan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù kọjá gókípà wọn, ó ń yí lọ sínú àwọ̀n, ó wọ inú ẹrẹ̀, ó dúró lójú òpó kí wọ́n tó gbá a kúrò níbẹ̀. Gbogbo pápá pariwo pé ó ti wọlé. Rẹfirí ti sún mọ́ ọn, ó ti rí i kedere. Nínú òjò yẹn, ilà mi funfun báláú, bọ́ọ̀lù sì wà lórí rẹ̀, kò tíì kọjá. Ó ní kò wọlé. A pàdánù.

Ẹnì kan lókè bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó fa ilà, àwọn yòókù sì gbè é. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sá ni tàbí kí n dọ̀bálẹ̀. Mánijà wá bá mi, omi òjò ń kán ní irun àgbọ̀n rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò jẹ́ kí òjò fọ̀ ọ́?" ó ní.

Mo wò ó. Òun náà wò mí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà rú òun gan-an lójú bó ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, torí ṣe ló yí padà lọ. Bàbá gbá mi léjìká. "Ilà kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, Múfú. Jẹ́ kí wọ́n máa bínú."

Lọ́sẹ̀ kejì, rẹfirí kọ̀wé pé láti ìgbà tí òun ti ń súfèé, òun ò tíì rí ilà tó dúró nínú òjò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá yin Mánijà. Ó fọwọ́ sí ìwé mi. Ìwé náà ò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ mi tí gbogbo koríko tó wà lábẹ́ ilà fi kú. Ó gbẹ, ó ká, ilẹ̀ pupa yọ láàárín koríko tútù láti igun dé igun. Mánijà pè mí jáde, ó nawọ́ sí i.

"Kí ni kí n ṣe fún ọ báyìí? Mo ti fọwọ́ sí i."

Ó ní òun máa pe àwọn tó máa gbẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n á gbin koríko tuntun sí i.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn èèyàn ṣì ń bi mí pé pápá wo ni mo fẹ́ràn jù. Mo ti rí koríko, mo ti rí ojú omi, mo ti gbọ́ ariwo, mi ò sì mọ èwo nínú àwọn mẹ́ta yẹn ló jàre. Ohun tí mo máa ń rántí ni ọjọ́ tí Bàbá wá dágbére.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ́wọ́ wọlé. Mi ò rí kí wọ́n fà á lọ́wọ́ rí. Mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà ní jẹ́jẹ́ pé ṣé ara Bàbá ò yá ni.

"Ojú wọn ni," ó ní. "Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọn ò sọ fún yín?"

Mo rántí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó fi ń wá okùn. Mo rántí ìbéèrè tó máa ń bi mí, tí mo rò pé ó fi ń dán mi wò.

Bàbá bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí ibi tí koríko ti kú, ó dúró díẹ̀, ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó tẹ̀lé ilà náà dé igun àkọ́kọ́, ó yà níbi tó ti yà. Ó yí gbogbo pápá ká láìsí ọ̀pá, láìsí ẹni tó dì í mú, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Mánijà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ koríko tuntun lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Iwájú góòlù ni Bàbá dúró sí, lórí ibi tí bọ́ọ̀lù ti dúró.

"Múfú, ṣé ó funfun?"

Mo wo ilẹ̀. Ó pupa fòò.

"Ó funfun, Bàbá."

"Ṣé ó funfun dáadáa?"

"Láti òkè pátápátá, Bàbá, wọ́n ń rí i."