Ẹnu Màámi Nínú Àwòrán

Mo rántí òórùn ẹja yíyan tó máa ń gba fèrèsé wọlé wa ní Festac lọ́dún tí màámi kú. Mo ti lé díẹ̀ lógún ọdún, àwọn olùkọ́ yunifásítì ń daṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì níbì kan tí mo ń lọ. Gbogbo ilé ń sunkún, àfi èmi. Àwọn ará ìjọ wa ń yìn mí pé ìgbàgbọ́ mi lágbára, mo sì gbà fún wọn. Inú mi kàn ṣófo ni, bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù jáde nínú rẹ̀.

Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní kí àǹtí ayàwòrán kan tó ń gbé lókè ilé wa ya màámi. A fún un ní fọ́tò. Ó wò ó, ó ní, "N ò mọ màmá ẹ dáadáa. Mú mi lọ síbi tí wọ́n ti máa ń jẹun, síbi tí wọ́n ti máa ń gbọ́ orin."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Díákónẹ́ẹ̀sì ni màámi. Orin wo ni wọ́n tún ń gbọ́ lẹ́yìn orin ìjọ? Síbẹ̀ a jáde. A jẹ àkàrà nítòsí Raji Rasaki Estate, àǹtí sì ń ya ọwọ́ alákàrà bó ṣe ń dà á sínú epo. Ó fi àwòrán kan hàn mí lára ògiri, èyí tí mo ti ń kọjá láti kékeré láì wò ó. Ó ní torí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ṣe kọ́ ilé tí à ń gbé. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Àkàrà náà kò dùn, kò korò lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, a dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí kan, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti ń fi gìtá àti fèrè kọ orin háíláìfù. Àǹtí fi fọ́tò hàn án.

Ìyá ẹlẹ́ja wò mí. "Ìwọ lọmọ wọn? Tí wọ́n bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ibí yìí ni wọ́n máa ń dúró sí. Wọ́n á láwọn ń dúró de ẹja. Ẹja á jiná, wọn ò ní lọ. Wọ́n á máa gberin."

"Ṣé wọ́n máa ń jó?" ni àǹtí bi í.

"Èjìká nìkan."

Mo retí kí ọ̀rọ̀ náà gbọ̀n mí jìgìjìgì. Kò gbọ̀n mí. Mo jẹ ẹja mi tán.

Nígbà tí àwòrán parí, màámi lanu díẹ̀ nínú rẹ̀, èjìká kan ga ju èkejì lọ. Bàbá mi wò ó pẹ́.

"Ẹnu rẹ̀ kọ́ nìyí," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ kì í lanu báyìí."

Àǹtí yíjú sí mi. Àwọn àgbà ní gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́, Dádì."

Ó ti pẹ́. Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ni mò ń gbé báyìí, mo sì máa ń lọ kí bàbá mi lọ́jọ́ Ìsinmi. N kò tíì sunkún náà. Láìpẹ́ yìí, a jókòó ní pálọ̀, wọ́n gbójú sókè sí àwòrán náà.

"Kí lo rò pé ó fẹ́ ṣe?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Orin ló fẹ́ kọ," ni wọ́n wí.

N kò bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀. A jọ ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.