Àpáàdì Iná Tó Gbé Wa Dé Ṣómólú

Aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni, nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òmìnira kò tíì dé. Màmá mi na àpáàdì kan sí mi, ó ní, "Ọma mi, jẹ́ ká lọ tọrọ iná." Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí: èédú pípọ́n lórí àpáàdì, ká máa fẹ́ ẹ lẹ́nu bọ̀ wálé kó má baà kú. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé a kò ní ilé tiwa tí a fẹ́ dá iná náà sí.

Láti etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ la ti wá. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi la wọ̀ sí ní etí ọ̀sà Bàrígà, gbogbo wa nínú yàrá kan pẹ̀lú àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹja. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn àwọ̀n tútù, púpúrù gbígbóná, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò bàbá mi ti sún mọ́ ìkúnlẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ kúrò kó tó bímọ. Bàbá mi fẹ́ ká dúró sí etí omi, láàárín àwọn tó ń sọ èdè wa. Màmá fẹ́ ibi tó sún mọ́ ilé ìwé, lápá Ṣómólú, nítorí ní etí omi, bí ọmọ bá ti lè di àjẹ̀ mú, ọkọ̀ ló ń bá lọ.

Bàbá mi ní, "Ṣómólú tí kò lómi? Ara ògiri wo ni n ó so ọkọ̀ mi mọ́?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Fúnmi, ọkọ̀ yín á máa sùn ní Bàrígà, àwa á máa sùn ní Ṣómólú."

Yàrá méjì ni Màmá ti gbọ́ nípa wọn, ọ̀kan ní Ladi-Lak, ọ̀kan ní Ṣómólú. Ilé Ladi-Lak ló wù mí jù. Wọ́n fi ẹfun kùn ún, fèrèsé rẹ̀ ní gíláàsì. Màmá dúró ní ìkángun àdúgbò, ó ní kí n dá wọlé. Obìnrin kan tó ń fọ abọ́ wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

Bí mo ti lanu ni ohùn etí omi jáde.

"Háà, ará ẹja! Èéfín yín kò ní jẹ́ ká sùn níbí o!"

Àwọn ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní iná o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ńṣe ló jù ú sórí àpáàdì bí ẹni ń ju eegun sí ajá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lára mi. Kì í ṣe ìbínú, kì í sì í ṣe ìtìjú nìkan. Ó dà bíi pé mo ti ṣẹ̀ wọ́n kí n tó dé.

Nígbà tí mo padà, Màmá kò wo iná, ẹnu mi ló ń wò. "Kí ni wọ́n wí?" Mo sọ ọ́. Ó da èédú náà sí gọ́tà, a tẹ̀ síwájú.

Ilé Ṣómólú kò ní ẹfun, ewúrẹ́ sì sùn dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan, ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràfíù, ń dín àkàrà. Òun náà gbọ́ ohùn mi, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ará omi náà ń dáná? Mo ṣe bí tútù lẹ ń gbé ẹja mì ni!"

Omijé ti lé ròrò sójú mi. Ó gba àpáàdì lọ́wọ́ mi, ó kọ́kọ́ bu eérú sí i, kó tó to èédú lé e, kó má baà jó mi lọ́wọ́. Ó ki àkàrà kan bọ̀ mí lẹ́nu. "Bó bá kú lọ́nà, padà wá o."

Ó kú lóòótọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ Màmá, nítorí àkàrà gbígbóná kò jẹ́ kí n ráyè fẹ́ ẹ. Màmá ní kí n padà. Ìyá Ràfíù kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn tún eérú bù.

Nígbà náà ni Màmá tún ìró rẹ̀ ró dáadáa, kó lè wọlé lọ béèrè yàrá. Páálí ìṣáná kan já bọ́ láti etí ìró náà.

"Màmá, ẹ ní ìṣáná láti àárọ̀?"

"Ọma mi, kì í ṣe iná ni mo rán ọ."

A gba yàrá náà, ṣùgbọ́n kò rọrùn o. Màmá ń yan ẹja ní etí omi Bàrígà, ó ń gbé èéfín bọ̀ wálé nínú irun. Tíṣà mú mi kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè, nítorí ohùn mi. Síbẹ̀ a kò kó padà, mo sì kàwé.

Láyé ìgbà yẹn, ará ilé kan kò lè se ọbẹ̀ kí ìkejì má mọ̀. Nísinsìnyí mo ti jáde ní yunifásítì, ọ́fíìsì mi sì fẹ́ fún mi ní fúláàtì ní àdúgbò tuntun kan. Olúkúlùkù ń dáná sítóòfù tirẹ̀, ilẹ̀kùn wọn ń wà ní títì. Mo lọ wò ó. Kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó kí mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì mọ̀ pé ó lè jẹ́ àṣejù, ṣùgbọ́n mo ti pinnu: n kò ní gba ilé tí n kò bá kọ́kọ́ dán àwọn ará ibẹ̀ wò. Ta ló wá ń tọrọ iná mọ́? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n mú lọ́wọ́ lọ kan ilẹ̀kùn wọn?