Metro Hnatiuk àti Nọ́ọ̀tì Tó Dẹ̀

Àìsùn Kérésì ni ẹ̀rọ amúlémóoru ilé Metro Hnatiuk fárígá. Kérésì tiwa, àwa ọmọ Ukraine tó wà ní Manitoba ní Kánádà, oṣù Kínní ni, ìgbà tí èèyàn bá tutọ́ níta tí yìnyín ni yóò balẹ̀. Stefka ìyàwó rẹ̀ ti se oúnjẹ méjìlá tí à ń jẹ bí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bá yọ, àlejò mẹ́sàn-án sì wà lọ́nà.

"Pe Orest," ni Stefka wí. Orest Pylypchuk, ọmọ àbúrò ìyá Stefka, ló ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní gbogbo àgbègbè wa.

"Orest kẹ̀? Kò sí ọkùnrin mìíràn tó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń mí."

"Ṣé ìyàwó ni, àbí ẹ̀rọ?"

"Ìyàwó ò ní nọ́ọ̀tì," ni Metro wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé.

Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀rọ náà ti wà nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́ bí ẹran tí wọ́n kun. Àwọn àlejò dé, wọ́n jókòó yí tábìlì ká tàwọn ti kóòtù àti fìlà. Orest wà lára wọn. Ó ṣílẹ̀kùn orí àtẹ̀gùn, ó yọjú wo ìsàlẹ̀.

"Bàbá Metro, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó."

"Àlejò ni ọ́ lónìí. Lọ máa wo ìràwọ̀!"

Bí Orest ṣe yíjú padà, ó rí súíìṣì méjì lára ògiri. Ọ̀kan jẹ́ ti iná àtẹ̀gùn, èyí tó pupa jẹ́ ti ẹ̀rọ náà. Metro a máa fi ìgúnpá pa gbogbo iná ilé láràárọ̀ nítorí pé kò fẹ́ ìnákúnàá, èyí tó pupa sì ti bá wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orest dúró títí ó fi gbọ́ tí Metro ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà pa, ó wá tan súíìṣì, ó lọ jókòó. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ húkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Metro gòkè wá tòun ti èéfín dé etí.

"Ṣé ẹ rí i? Nọ́ọ̀tì kan ló dẹ̀!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ti Orest ló dún jù.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni Orest sọ fún. Ìyàwó náà sọ fún ẹnì kan ṣoṣo, obìnrin tó ń pín lẹ́tà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, gbogbo abúlé ti mọ̀, àfi Metro. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń pa ìtàn nọ́ọ̀tì yìí fún wa. Lọ́dọọdún ni nọ́ọ̀tì náà ń kéré sí i, títí ó fi dà bí orí abẹ́rẹ́ tí ojú Metro nìkan lè rí.

Kì í ṣe pé kò láròjinlẹ̀. Lọ́dún kan, ó rí páìpù tí ẹ̀rọ náà fi ń mí síta lára ògiri, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó rán fìlà onírun àgùntàn sí i lórí kí òtútù má baà mú un. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ kú. Metro bú ìjọba títí ilẹ̀ fi ṣú.

Asẹ́ tó ń gba eruku nínú ẹ̀rọ náà ńkọ́? Bébà ni wọ́n fi ṣe é, kí a máa lò ó kí a sì sọ ọ́ nù. Metro fọ̀ ọ́, ó sá a sórí okùn pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀. Stefka ní ṣòkòtò yẹn ló yè é.

Metro kú ní oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tó ti wa ọ̀dùnkún rẹ̀ tán. Nígbà tí òtútù dé ní oṣù Kọkànlá, ẹ̀rọ kọ̀. Omi inú páìpù fẹ́ẹ̀ di yìnyín, a bẹ Stefka títí kó pe Orest. Ó ta kú.

"Ó ní kò sí ọkùnrin mìíràn. Ṣé kí n wá da ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù, nígbà tí kò sí níbẹ̀ láti jà?"

Ọjọ́ méjì ló fi wọ kóòtù jókòó nínú ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà kún fún ọ̀rọ̀ tí Metro fi pẹ́ńsù kọ, gbogbo àtúnṣe tó ti ṣe láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, pẹ̀lú ọjọ́ wọn. Stefka ka ti àìsùn Kérésì tí ìtàn nọ́ọ̀tì ti bẹ̀rẹ̀: "Kì í ṣe nọ́ọ̀tì. Súíìṣì ni. Orest ló tàn án, ó sì panu mọ́. Ọmọ dáadáa."

Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, ó kọ ọ́ pé: "Stefka, bó bá kọ̀ tí mi ò sí, wo súíìṣì. Pààrọ̀ asẹ́, má fọ̀ ọ́. Bó bá ṣì kọ̀, pe Orest. Má sọ fún un pé èmi ni mo ní kí o pè é."

Stefka rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo súíìṣì, ó pààrọ̀ asẹ́, ẹ̀rọ ṣì kọ̀. Ó pe Orest.

Orest dé, ó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, ó wá tú ẹ̀rọ wò. Atanná, ohun tó ń dáná sí ẹ̀rọ náà, ló sán. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, Stefka na pẹ́ńsù sí i.

"Kọ tìrẹ náà."

Orest kọ ọjọ́ náà sábẹ́ ti Metro. Ó ronú díẹ̀, ó wá kọ ọ́ pé: "Nọ́ọ̀tì kan ló dẹ̀."